“Ìkọlù alágbára” kọ́ ni brute force: ẹ jẹ́ kí á pè é ní ìdánkọ́kọ́rọ́wò

Ẹ̀yin ará tí à ń jọ wá orúkọ Yorùbá fún ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà, ẹ kú iṣẹ́ èdè o.

Bàbá wa láti Oǹdó dábàá lánàá pé kí á máa pe brute force, ìyẹn kí ẹnìkan máa dán ọ̀rọ̀ aṣínà wò lọ́kọ̀ọ̀kan títí ọ̀kan fi wọlé, ní “ìkọlù alágbára”, kí á sì máa pe bot, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀, ní “ẹ̀rọ-olè”. Mo dọ̀bálẹ̀ fún yín, Bàbá, ẹ̀yin lẹ la ọ̀nà fún wa. Àmọ́ ọkàn mi kò bá orúkọ méjèèjì lọ.

Èmi ni mò ń tọ́jú ìkànnì ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan níbí ní Àkúrẹ́. Lóṣù tó kọjá, mo yẹ àkọsílẹ̀ ojú ewé ìwọlé wò. Láàárín òru kan ṣoṣo, wọ́n ti fi orúkọ “admin” gbìyànjú àtiwọlé ju ẹgbẹ̀rún ìgbà lọ, ọ̀rọ̀ aṣínà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ni wọ́n ń lò. Mo sáré sọ fún akọ̀wé wa, ìyá kan tó ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọjà Ọba, pé wọ́n ń fi agbára kọlù wá. Ìyá náà ní, “Kí ni wọ́n bà jẹ́? Ṣebí ó ṣì ń ṣiṣẹ́.” Wọn ò jẹ̀bi. Agbára ni mo dárúkọ, ariwo àti àfọ́kù ni wọ́n ń retí.

Mo wá ní, “Mà, ẹ rántí ọjọ́ tí kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù yín sọnù, tí ọkùnrin yẹn gbé odidi ìdì kọ́kọ́rọ́ wá, tó ń kì wọ́n bọ àgádágodo lọ́kọ̀ọ̀kan títí ọ̀kan fi yí?” Ojú wọn là lẹ́ẹ̀kan náà. Ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n pààrọ̀ ọ̀rọ̀ aṣínà wọn.

Ibẹ̀ ni mo ti rí orúkọ náà: ìdánkọ́kọ́rọ́wò. “Dán wò” ni ọ̀rọ̀-ìṣe wa, kọ́kọ́rọ́ sì bọ́ sáàárín rẹ̀. Ẹni tó ń ṣe é ni adánkọ́kọ́rọ́wò. Ó gùn, mo gbà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbọ́ ọ á mọ ohun tó ń lọ, á sì mọ ibi tí ààbò wà. Bí ọ̀rọ̀ aṣínà bá jẹ́ nọ́ńbà mẹ́rin péré, kò ju kọ́kọ́rọ́ 10,000 lọ, ìṣẹ́jú díẹ̀ sì lè tó ẹ̀rọ láti dán gbogbo rẹ̀ wò bí kò bá sí ẹni tó dá a dúró. Lẹ́tà kéékèèké mẹ́jọ látinú 26 ti èdè Gẹ̀ẹ́sì á ti lé ní bílíọ̀nù 208.

Ní ti “ẹ̀rọ-olè”, bọ́ọ̀tì Google kì í jalè. Ó ń ka ojú ewé wa káàkiri kí àwọn èèyàn lè rí wa ni. Ọ̀rọ̀ bot fúnra rẹ̀ jẹ́ gígékúrú robot, tó wá látinú robota, èdè Czech fún iṣẹ́ àfipáṣe. Karel Čapek ló gbé e jáde nínú eré orí ìtàgé kan ní 1920. Mo ní kí á fi bọ́ọ̀tì sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí á máa fi iṣẹ́ tó ń ṣe júwe rẹ̀: bọ́ọ̀tì adánkọ́kọ́rọ́wò. “Adènà” tí àǹtí wa dábàá fún CAPTCHA, ìdánwò kékeré tó ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá èèyàn ló fẹ́ wọlé tàbí bọ́ọ̀tì, dùn mọ́ mi gan-an, mo fara mọ́ ọn.

Ọ̀rọ̀ kan ń bà mí lẹ́rù: “ìtìpa”, tí ẹnìkan kọ fún gbogbo ọ̀nà tí a fi ń dá àwọn adánkọ́kọ́rọ́wò dúró. Tí àṣìṣe márùn-ún bá ti àkáǹtì pa, ẹnikẹ́ni tó bá mọ orúkọ ìwọlé yín lè mọ̀ọ́mọ̀ ṣe àṣìṣe márùn-ún, kí ẹ̀yin tẹ́ ẹ ni ín má lè wọlé. Ìdádúró yàtọ̀: lẹ́yìn àṣìṣe kọ̀ọ̀kan, ó di dandan kí onítọ̀hún dúró pẹ́ sí i kó tó tún gbìyànjú. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ru méjèèjì.

Ó wá ku èyí tó le jù. Àwọn kan kì í dán kọ́kọ́rọ́ kankan wò. Wọ́n ti jí ọ̀rọ̀ aṣínà yín kó níbòmíràn, ibi mìíràn tẹ́ ẹ ti lo ọ̀rọ̀ kan náà, ẹ̀ẹ̀kan péré sì ni wọ́n máa fi wọlé. Ìdádúró kò lè ṣe nǹkan kan sí i, àfi kí ojú ewé ìwọlé béèrè ẹ̀rí kejì, bíi nọ́ńbà tó ń wọlé sórí fóònù. “Kọ́kọ́rọ́ àjígbé” ni mò ń pe tiwọn báyìí, àmọ́ kọ́kọ́rọ́ nìyẹn ń dárúkọ, kò dárúkọ ìwà náà. Bàbá, kí lẹ rò pé ó yẹ ká pè é?