Fíìmù tí ẹ rí lẹ́ẹ̀kan péré: ẹ wá sọ tiyín

Ọmọ Onífídíò, Adó-Èkìtì

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́: kásẹ́ẹ̀tì olè ni èyí tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí.

Bàbá mi ní ṣọ́ọ̀bù fídíò kan nítòsí Ọjà Ọba nígbà tí Èkìtì ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Wọ́n ń fi kásẹ́ẹ̀tì háyà fún àwọn oníbàárà. Ẹni tí kò bá yí i padà sí ìbẹ̀rẹ̀ kó tó dá a padà á gbọ́ ọ̀rọ̀. Nínú gbogbo ohun tó wà lórí pákó wọn, Ọ̀run Móoru ni kì í sinmi. Kò ní páálí aláwòrán. Báírò ni wọ́n fi kọ orúkọ rẹ̀ sí i lára, ọ̀rẹ́ wọn kan ló gbé e wá láti Èkó. Èmi ni mò ń jókòó sí ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn iléèwé, mo sì wò ó tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi lè gba ọ̀rọ̀ mọ́ Bàbá Sàlá lẹ́nu.

Mo ti dàgbà kí n tó mọ ohun tí irú kásẹ́ẹ̀tì yẹn ṣe fún ẹni tó ni ín. 1982 ni Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá fúnra rẹ̀, gbé e jáde, Ọlá Balógun ló darí rẹ̀. Fíìmù gidi ni wọ́n fi yà á, owó ńlá ló sì gbé e. Àwọn olè ṣe ẹ̀dà rẹ̀, wọ́n ń tà á kó tó rí owó rẹ̀ padà. Gbèsè ló bá a délé. Ẹni tó ń so aago ńlá mọ́ ọwọ́ tó ń pa gbogbo wa lẹ́rìn-ín, ẹkún ló sun nídìí iṣẹ́ yẹn. Ara owó iléèwé mi sì wà níbẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ta ló fẹ́ fi fíìmù rẹ̀ sí kásẹ́ẹ̀tì? Àwọn tó ni wọ́n dì wọ́n mú. Wọ́n á gbé e wá sí gbọ̀ngàn ìlú pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀ àti projẹ́ktọ̀ tiwọn, wọ́n á gbowó ẹnu ọ̀nà, wọ́n á sì ká a lọ lóru ọjọ́ náà. Nígbà tí náírà já wálẹ̀ lẹ́yìn 1986, tí fíìmù rírà àti fífọ̀ rẹ̀ nílẹ̀ òkèèrè di ohun tí apá kò ká mọ́, fídíò gba ọjà, agolo fíìmù wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Olè kò rí i jí. Ooru àti ọ̀rinrin ló jẹ ẹ́. Èyí tí wọ́n jí ló ṣẹ́kù.

Nígbà tí bàbá mi papòdà ní 2019, mo sọ àpótí wọn kalẹ̀ láti orí àjà. Ọ̀pọ̀ ti bu, funfun bí ẹ̀fun. Ọ̀run Móoru ṣì ṣe. Àwọ̀ rẹ̀ ti ṣí, ohùn ń fà bí ẹni tí oorun ń kùn, ṣùgbọ́n ó ṣe. Bí mo bá gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo di olè ìran kejì. Bí n kò bá gbé e ńkọ́? Ohun tí mo fẹ́ ni kí àwọn tó ni ín gbé ojúlówó jáde, kí n sanwó, kí ọkàn mi balẹ̀. Kí wọ́n fi Àjàní Ògún ti 1976 kún un. Dúró Ládipọ̀ wà nínú rẹ̀, ọdún méjì lẹ́yìn náà ló kú; mélòó nínú wa ló tíì rí i tó ń rìn, tó ń sọ̀rọ̀?

Ẹ̀yin ńkọ́? Èwo lẹ rí lẹ́ẹ̀kan péré tí ẹ fẹ́ tún rí?

Ìyá Ìbejì, Ìkọ̀lé

Ayé ti Ògúndé ni tèmi. Bí ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mo wà. Láti àárọ̀ ni ọkọ̀ wọn ti ń ké kiri ìlú. Ìyá àgbà ní àwọn kò ní í fi owó àwọn wo àjẹ́. Alẹ́ lẹ́, àwọn náà ni wọ́n kọ́kọ́ gbé àpótí ìjókòó.

Gbọ̀ngàn kún dé ojú fèrèsé. Nígbà tí àwọn àjẹ́ ń ṣèpàdé, obìnrin tó wà níwájú mi fi ìró bo orí. Ògúndé fúnra rẹ̀ ni Òṣétúrá tó ń bá wọn jà. Bó ṣe fẹ́ la ẹnu pe ọfọ̀ báyìí ni fíìmù já. Pà! Ògiri funfun. Gbogbo ilé pariwo. Ọkùnrin tó ń yí ẹ̀rọ fi tọ́ọ̀ṣì sẹ́nu, ó gé e, ó lẹ̀ ẹ́. Nígbà tí àwòrán yóò fi padà, ìjà ti parí. Ó lé ní ogójì ọdún, n kò tíì mọ ohun tí Òṣétúrá sọ. Mo ti bi àwọn tí a jọ wà níbẹ̀, ti kálukú yàtọ̀.

Ọmọ mi fi ọ̀kan hàn mí lórí fóònù, ó ṣókùnkùn bí inú ìkòkò, n kò dá Ògúndé mọ̀ yàtọ̀ sí igi. Èyí tó mọ́ ni mo fẹ́, kí n gbọ́ ọfọ̀ yẹn kí n tó kú. Bí a ṣe darí sílé lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ má bi mí. Òwìwí kan ké. "Ó di ulé!" ni ìyá àgbà wí, wọ́n sì sáré ju èmi ọmọdé lọ.

Ará Ìkẹ́rẹ́

Ẹ má bínú o, àárò ìgbà èwe ló ń ṣe ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wọ̀nyí. Púpọ̀ nínú fíìmù yẹn, eré orí ìtàgé ni wọ́n gbé kámẹ́rà sí níwájú. Orin á gùn, ẹnìkan á máa rìn bọ̀ láti òkèèrè títí ẹ ó fi sùn lọ. Ìjà Òmìnira ni mo lè fọwọ́ sọ̀yà fún, nítorí inú ìwé Fálétí, Ọmọ Olókùn-Ẹṣin, ló ti wá. Ìtàn ti jinlẹ̀ kí kámẹ́rà tó dé. Èyí tó kù, ẹ tọ́jú rẹ̀, ẹ má ṣáà tà á fún mi.

Ọmọ Òkè-Ìmẹ̀sí

Tèmi kì í tilẹ̀ ṣe fíìmù, eré tẹlifíṣọ̀n ni. Ìlú wa ni Jímọ̀h Àlíù ti wá, Àwòrò tiwa. Bí Àrélù bá bẹ̀rẹ̀, ojú fèrèsé ilé kan ṣoṣo tó ní tẹlifíṣọ̀n ládùúgbò ni gbogbo wa ń rọ̀ mọ́; bí Fádèyí Olóró bá yọjú, a ó máa já bọ́ bí àgbálùmọ̀.

Àbúrò ìyá mi wà nínú eré mìíràn nígbà náà. Ó gbé ọ̀kọ̀, ó sáré kọjá, ó tán. Nígbà tó kú láìfi fọ́tò gidi kan sílẹ̀, mo lọ sí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan láti wá a. Bàbá kan wá inú kọ́bọ́ọ̀dù títí, ó mú tápù kan jáde tí orúkọ eré náà ṣì wà lára páálí rẹ̀. Ara mi gbọ̀n. A fi í sẹ́rọ: alága ìjọba ìbílẹ̀ kan ló ń kí wa kú ọdún. Bàbá náà ní tápù wọ́n nígbà yẹn, bí eré bá ti jáde tán, wọ́n á tún fi ká nǹkan mìíràn. Mo ní kí ó jẹ́ kó parí. Mo wo alága náà dé òpin.

Jímọ̀h Àlíù kú ní 2020, Òrìṣàbùnmi tí wọ́n jọ ń ṣeré tẹ̀lé e ní ìbẹ̀rẹ̀ 2021. Ta la fẹ́ bi báyìí?

Ọmọ Onífídíò, Adó-Èkìtì

Ará Ìkẹ́rẹ́, jẹ́ kó jáde ná ká tó bú u. Ó ṣeé ṣe. Shaihu Umar, fíìmù Hausa ti 1976, wọ́n ti gbà pé ó ṣègbé. Wọ́n rí i nínú àwọn agolo tí a pa tì l'Ékòó, àwọn ará Jámánì bá wọn tún un ṣe, Berlin ni wọ́n ti fi hàn ní 2018.

Ẹni tó bá ní agolo fíìmù nílé, bí ẹ bá ṣí i tó ń rùn bí fínígà, ó ti ń jẹrà nìyẹn. Ẹ yà á kúrò lára àwọn yòókù, ẹ gbé e síbi tó tutù tó sì gbẹ. Ẹ má sá a sóòrùn, ẹ má sì fi ọ̀rá dì í.

Àti pé bẹ́líìtì fídíò mi já lọ́dún tó kọjá. Ta ló ní èyí tó ṣì ń ṣiṣẹ́?

Ìyá Ìbejì, Ìkọ̀lé

Ti bàbá ìbejì wà ní yàrá ẹ̀yìn. Jẹ́ kí adìyẹ tó ń sàba lórí rẹ̀ pa ọmọ tán, àbúrò, kí o wá gbé e.