Akòko ni mo rí ní Paris yìí o! Ta ló yà á, ṣé ojúlówó ni?

Àdùkẹ́Ìlúpéjú
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará ilé. Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kí n tó náwó. Àwọn tó ń ta ìwé àlòkù létí odò Seine ní Paris, ọ̀kan nínú wọn kó àwòrán ewé àti òdòdó àtijọ́ sínú páálí, mo kàn ń ṣí i wò lọ ni, àfi bí mo ṣe kan ewé kan tí mo ní háà, mo mọ èyí. Ewé ẹ̀ gùn, ó ń dán, òdòdó ẹ̀ ṣe rìbìtì gígùn tí ẹnu ẹ̀ là, àwọ̀ àlùkò tó ti ṣá. Akòko ni! Èyí tí wọ́n fi ń joyè! Àmọ́ "Spathodea laevis" ni wọ́n kọ sábẹ́ ẹ̀. Baba tó ń tà á ní inú ìwé kan tó ń jẹ́ Flore d'Oware et de Bénin ni wọ́n ti yọ ọ́, pé ó ti lé ní igba ọdún. 90 euro ló pè é. Ta lẹni tó wá ya akòko wa láyé ìgbà yẹn, báwo ni mo sì ṣe máa mọ̀ pé kì í ṣe èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde lánàá? Sátidé ni mo máa padà gba ibẹ̀ kọjá.

ọmọ_ẹlẹ́wé
Àǹtí, ẹ ríran o. Akòko ni lóòótọ́. Palisot de Beauvois lorúkọ ọkùnrin yẹn, ará Faransé, 1752 ni wọ́n bí i. Oware tẹ́ ẹ rí yẹn, Warri ni, ilẹ̀ àwọn Ìtsẹkírì, Bénin ibẹ̀ náà, Ẹdó ni o, kì í ṣe Kùtọnu. 1786 ló bá ọkọ̀ Captain Landolphe wá, Landolphe yìí ló ń dá ibùdó òwò sílẹ̀ fún àwọn Faransé lọ́nà Warri, ni Palisot bá ń wọgbó, ó ń já ewé, ó ń mú kòkòrò, ó dé Ẹdó gan-an, títí àìsàn fi dá a dùbúlẹ̀ tí wọ́n gbé e sọdá lọ sí Saint-Domingue ní 1788, ìyẹn Haiti òde òní.

Ẹ wá gbọ́ ìyà. Ẹrù tó fi sílẹ̀ ní Warri, àwọn Gẹ̀ẹ́sì wá ba ibùdó yẹn jẹ́ ní 1792, ó bá a lọ. Èyí tó kó dé Haiti, ogun ibẹ̀ jẹ ẹ́. Ó sá lọ Philadelphia láìní kọ́bọ̀, wọ́n tún ti kọ orúkọ ẹ̀ mọ́ àwọn tí kò gbọdọ̀ padà sí Faransé, bó ṣe di ẹni tó ń bá àwọn eléré circus fọn fèrè nìyẹn kó tó rí iṣẹ́ ní mùsíọ́ọ̀mù ọ̀gbẹ́ni Peale níbẹ̀. 1798 ló tó padà sílé. Ọpẹ́lọpẹ́ àwọn ewé gbígbẹ tó ti fi ránṣẹ́ sí Jussieu, onímọ̀ ewé ní Paris, ṣáájú, òun ló fi ṣe ìwé yẹn, ìdìpọ̀ méjì, àwòrán 120, láti 1804 ló ti ń jáde díẹ̀díẹ̀. Òrúrù wà níbẹ̀, ọ̀kan nínú ọ̀pẹ ráfíà náà wà níbẹ̀. Igi kan tún wà tó sọ lórúkọ Napoleon, Napoleona imperialis, ní 1804 tí ọ̀gbẹ́ni yẹn dé adé gan-an (ẹni tó ń wá ojúure ọba, ṣé ẹ rí i). Akòko jáde ní 1805, ó kà á mọ́ ẹbí òrúrù ló ṣe pe méjèèjì ní Spathodea. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni Seemann, onímọ̀ ewé mìíràn, yí i sí Newbouldia laevis tá a ń lò lónìí.

Bàbá_Atẹ̀wé
Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mo ń ṣe ní Ṣómólú, ẹ jẹ́ n dá sí i. Orúkọ àtijọ́ tó wà lábẹ́ ẹ̀ ò fi nǹkan kan hàn o, ẹni tó bá fi mashíìnì dà á kọ máa da orúkọ náà kọ. Ẹ fi ìka ra bébà yípo àwòrán. Bàbà ni wọ́n ń fín láyé ìgbà yẹn, wọ́n á fi yíǹkì kún inú ibi tó jìn, wọ́n á nu òkè ẹ̀ mọ́, wọ́n á wá tẹ́ bébà tó tutù lé e, kí wọ́n tó tì í sábẹ́ ẹ̀rọ tó wúwo. Etí bàbà yẹn á tẹ bébà wọnú, ẹ ó rí ojú ẹ̀ yípo. Tí wọ́n bá ti gé etí bébà jù, ẹ lè má rí i mọ́, kì í ṣe pé irọ́ ni.

Ẹ tún mú awò tó ń sọ nǹkan di ńlá dání, ibí yìí ló ti máa ń rú èèyàn lójú torí àwọn tó ń fín nǹkan ní Paris nígbà yẹn, tótòòtó náà ni wọ́n fi ń ṣe ojú ewé, kẹ́ ẹ má wá rí tótòòtó kẹ́ ẹ pariwo pé fótókọ́pì ni. Tótòòtó tàwọn ò dọ́gba, ó ń pọ̀ níbi tó ṣókùnkùn, ó ń fọ́n ká níbi tí ìmọ́lẹ̀ bà, ó sì ń tẹ̀ lé iṣan ewé lọ. Ti mashíìnì tiwa yìí, búlúù, pupa, yẹ́lò, dúdú, ó tò gbọọrọ lórí gbogbo ojú bébà, títí kan ibi tó yẹ kó funfun. Ẹ wo àwọ̀ náà dáadáa, wọ́n máa ń fi búrọ́ọ̀ṣì parí ẹ̀, ó lè ti kọjá ilà níbì kan. Ẹ wo ìsàlẹ̀ pátápátá: "del." ń tẹ̀ lé orúkọ ẹni tó yà á, "sculp." ń tẹ̀ lé orúkọ ẹni tó fín in. Palisot kọ́ ló fín in o, òun ló kó ewé wá tó sì kọ ọ̀rọ̀.

Ìyá_Àgbo
Ẹ̀yin ọmọ yìí ń káàánú Palisot ṣáá. Ibùdó òwò Landolphe yẹn, ẹrú ni wọ́n ń rà níbẹ̀. Palisot fúnra ẹ̀ sì dé Saint-Domingue tán ó ń kọ̀wé pé kí wọ́n má fòpin sí òwò ẹrú. Kó fọn fèrè lọ́hùn-ún, kò dùn mí rárá. Ohun tó ń dùn mí ni pé "del." àti "sculp." ní orúkọ, ẹni tó mú un wọ inú igbó ò ní. Akòko kì í ṣe ewé tí èèyàn ń ṣèèṣì kọjá lára ẹ̀. Ikhinmwin làwọn Ẹdó ń pè é, ojúbọ ni wọ́n ń gbìn ín sí, ẹ gé ọ̀pá ẹ̀ ẹ rì í mọ́lẹ̀ ó ń hù. Ẹ ò lè sọ fún mi pé kò sẹ́ni tó bá a sọ nǹkan nípa ẹ̀.

ọmọ_ẹlẹ́wé
Màmá, mi ò jiyàn. Ìwé náà ṣì wúlò sha, ọ̀pọ̀ nínú orúkọ tí gbogbo ayé ń pe igi wọ̀nyí, ibẹ̀ ló ti jáde.

Àdùkẹ́Ìlúpéjú
Ẹ ṣeun gan-an. Nǹkan kan ló kù, ṣé wọ́n gé ìwé yẹn ya ni kí wọ́n tó rí i tà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan? Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ọkàn mi ò balẹ̀ mọ́.

Bàbá_Atẹ̀wé
Bẹ́ẹ̀ ló sábà máa ń rí, wọ́n á tú ìwé ká torí ẹyọ kọ̀ọ̀kan ń pa owó ju odindi lọ, ìwà burúkú ni lójú tèmi. Èyí tẹ́ ẹ rí ti ya tipẹ́, tẹ́ ẹ bá fi sílẹ̀ ẹlòmíràn á rà á. Tó bá jẹ́ ojú akòko nìkan lẹ fẹ́ máa rí lára ògiri, irú ìwé báwọ̀nyí wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí Biodiversity Heritage Library, ibi ìkàwé orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi n ó tẹ̀ ẹ́ fún yín.

Ìyá_Àgbo
Ẹ má gbọ́ tiẹ̀, oníṣẹ́ ń wá iṣẹ́. Tójú bàbà bá wà lára ẹ̀, ẹ pe 50 fún baba yẹn kẹ́ ẹ máa gùn ún díẹ̀díẹ̀. Tí kò bá sí, ẹ máa lọ.