Ẹ jọ̀ọ́, ta ló tún ti gbọ́ irú òwe yìí?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ilé-Ifẹ̀ ni mo ti ń kọ̀wé, lápá Làgéré, iṣẹ́ olùkọ́ Yorùbá ni mò ń ṣe. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ní káwọn ọmọ parí òwe yìí: "Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà..." Ọmọbìnrin kan kọ ọ́ gàdàgbà sínú ìwé rẹ̀: "bàbá ẹ̀ ló lówó." Mo rò pé eré ló ń ṣe, àmọ́ kò rẹ́rìn-ín rárá. Ó ní bí wọ́n ṣe ń pa á nílé àwọn nìyẹn. Kò gbọ́ "kò lè ní àkísà bí àgbà" rí!

Ó ká mi lára. Àwa náà yí òwe po léwe: "Igi gogoro má gùn mí lójú", dípò "òkèèrè la ti ń wò ó", a ó ní "màá gé e dànù ni". Ṣùgbọ́n a mọ ojúlówó rẹ̀, ìyẹn ló ń pa wá lẹ́rìn-ín.

Mo fẹ́ kó irú wọn jọ fáwọn ọmọ náà, ojúlówó lápá kan, àyídà lápá kejì. Èwo lẹ mọ̀ tó ti mọ́ àwọn èèyàn lẹ́nu? Ẹ̀yin ará Iléṣà, tiyín ńkọ́? Bí ọmọdé bá sì pa ti àyídà níwájú àgbà, ṣé ó ṣì ń ní "tótó ó ṣe bí òwe", káwọn àgbà ní "wàá rí òmíràn pa"?

"Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀", mi ò tíì gbọ́ kẹ́nikẹ́ni yí ìyẹn. Tẹ́ ẹ bá ti gbọ́ ọ, ẹ bá mi kọ ọ́ bó ṣe jáde lẹ́nu ẹni náà gan-an.