Orúkọ wo ló yẹ atril onírin?

Ohun tó dá àríyànjiyàn sílẹ̀ ni irin àtijọ́ kan láti Sípéènì, tí wọ́n fi ń gbé ìwé dúró ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Atril ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún; orúkọ tí a ó máa pè é ní Yorùbá là ń wá. Ẹnì kan ní ká pè é ní "àtẹ ìwé onírin". Ẹ̀gbọ́n wa kan ní "àga ìwé" ló dáa jù. Èmi ò fara mọ́ ti àkọ́kọ́ rárá. Ti ẹ̀gbọ́n náà kù díẹ̀ káàtó, àmọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín bí àwọn kan ṣe fi ṣe.

Ẹ wo irú èyí tó ṣeé ká: férémù irin méjì dábùú ara wọn, wọ́n fi ìdè kan so wọ́n láàárín, wọ́n sì na awọ sókè. Orí awọ yẹn ni ìwé ń sùn sí. Níbo ni àtẹ ti wá wọ̀ ọ́? Orí àtẹ là ń pa ọjà sí, ọjà á sì pọ̀ níbẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ "àtẹ ìwé", ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tàwé lẹ́bàá ọ̀nà ni ọkàn rẹ̀ máa lọ. Ìwé kan ṣoṣo, ní ṣíṣí, ni atril ń gbé.

Ní ti àga, àwọn ará Sípéènì ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Facistol ni wọ́n ń pe èyí tó tóbi, tó máa ń wà láàárín ibi ìjókòó akọrin ní kàtídírà. Ọ̀rọ̀ àwọn Frank, ẹ̀yà kan ní Yúróòpù láyé àtijọ́, fún àga tó ṣeé ká lorúkọ yẹn ti ṣẹ̀ wá. Látìn ni atril ní tiẹ̀ ti wá, láti ara ìwé kíkà. Latril ló ń jẹ́ tẹ́lẹ̀, kí lẹ́tà iwájú tó bọ́ sọnù. Àwa tá à ń jẹ fáwẹ̀lì lójoojúmọ́ ò lẹ́nu láti bú wọn.

Ẹlòmíì mú "agbékàwé" wá, ó ní "gbé ka" wà nínú rẹ̀ bí a ṣe ń gbé omi kaná, "kàwé" náà sì wà níbẹ̀. Ó dùn létí, àmọ́ ohùn ò gbà: ohùn àárín ni ti kaná, ohùn ìsàlẹ̀ ni ti kàwé. Yàtọ̀ síyẹn, èèyàn ló ń dún bíi pé ó ń jẹ́ agbékàwé.

Èmi dábàá ÌTÌWÉ. Gbogbo wa la mọ àpótí ìtìsẹ̀ inú Bíbélì, ohun tí a ń fẹsẹ̀ tì. Èyí tí a ń fi ìwé tì, kí ló dé tí kò ní jẹ́ ìtìwé? Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ní "títì" ni ti ilẹ̀kùn, pé á dà bí ìgbà tí a ti ìwé pa. Ta ló ń ti ìwé? Pípadé là ń pa ìwé dé.

Ẹ má sì fi mọ sí "onírin" nìkan. Irin rírọ ni ká kọ. Iná àti òòlù ló ṣe é, wọn ò dà á sínú nǹkan bí àwọn asúdẹ ṣe ń da idẹ. Irin rírọ gan-an ni Sípéènì fi ń yangàn nígbà yẹn: ẹ wo ẹnu ọ̀nà onírin tí Bartolomé de Jaén rọ ní nǹkan bí ọdún 1520 síwájú ibojì Ferdinand àti Isabella, ọba àti ọbabìnrin Sípéènì, ní ìlú Granada.

Facistol ti El Escorial, ààfin àti ilé àwọn mọ́ńkì tí Ọba Philip Kejì kọ́ ní Sípéènì láàárín 1563 sí 1584, igi àti idẹ ni, ó sì ń yí, torí ìwé orin ibẹ̀ tóbi gan-an, wọ́n sì lé ní 200. Ìtìwé oníyíyí nìyẹn. Pákó tó dábùú ara wọn tí àwọn ọmọ iléèwé kéwú wa ń tẹ́ Kùránì lé, ìtìwé onípákó ni. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tó gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó mú un wá.