Laptop mi ń ké pé mẹ́mọ́rì ò tó, ẹ gbà mí o

Atẹ̀wé Kabba
Ọ̀kun o gbogbo ilé. Ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kékeré ni mo ní ní Kabba níbí, ìwé ètò ìsìnkú ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ wa, tó bá sì ti di Ọjọ́bọ̀ báyìí gbogbo wọn á máa sáré dé pé Sátidé làwọn ń sìnkú. Laptop mi ti pẹ́, RAM (mẹ́mọ́rì tó fi ń ṣiṣẹ́) 2GB, Windows 10. Tí mo bá ti ṣí CorelDRAW tí mo fi ń ṣètò ìwé, tí mo tún ṣí Chrome láti fi gba fọ́tò olóògbé lórí WhatsApp, ó di "Your computer is low on memory", kí n tó ṣẹ́jú Corel ti pa ara ẹ̀ dé. Lánàá ojú ìwé mẹ́jọ ló bá a lọ, mi ò tíì save ẹ̀, ọmọ olóògbé sì jókòó tì mí tó ń wò mí. Ṣé fáírọ́ọ̀sì ni àbí kí n lọ ra RAM?

Ọmọ Ìsánlú
Ra 8GB kóo sinmi jàre. 2GB láyé ìsinyìí? Chrome á ti jẹun tán kí Corel tó fọwọ́.

Alátùn-únṣe Ẹ̀gbẹ̀
Má tíì náwó o. Lọ sí Settings, System, About, wo System type. Tó bá jẹ́ 32-bit lo rí, nínú 8GB yẹn Windows ẹ kò ní lè lò ju 4GB lọ, ọ̀pọ̀ ìgbà kò tiẹ̀ ní pé 4 yẹn. Tú ìdí laptop náà kóo ka ohun tí wọ́n kọ sára RAM tó wà níbẹ̀, torí irú RAM tí wọ́n ń pè ní DDR4 ò wọ ihò DDR3, àwọn laptop kan sì wà tó jẹ́ DDR3L oní 1.35V nìkan ni wọ́n ń gbà.

Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ mọ̀ gan-an nìyí, àyè mélòó ló ṣẹ́ku lórí C ẹ, ibi tí Windows wà lórí hard disk? Tí RAM bá kún, Windows á máa kó ẹrù sínú pagefile, fáìlì tó ń ran RAM lọ́wọ́ lórí hard disk, tí kò bá ráyè níbẹ̀ náà ló tó ń ké. Tẹ Windows+R, kọ sysdm.cpl, Advanced, Settings tó wà lábẹ́ Performance, Advanced, Change. Kí lo rí?

Atẹ̀wé Kabba
Ẹ̀gbọ́n, háà! "No paging file" ni wọ́n tẹ̀ síbẹ̀, pé kó má lo pagefile rárá! Ẹni tó bá mi fi Windows sí i sọ pé òun ti ṣe é kó lè máa yára, mo tiẹ̀ tún dúpẹ́. C ku 900MB péré, fọ́tò òkú ọdún mẹ́ta ló kún Downloads. 64-bit ni ṣá.

Alátùn-únṣe Ẹ̀gbẹ̀
Ó yára lóòótọ́, ó yára kú. Kó fọ́tò yẹn lọ sórí flash, kí C ní bíi 10GB tó ṣófo, kóo wá máàkì "Automatically manage", kóo restart. Ctrl+Shift+Esc, Startup, pa gbogbo ohun tóo ò lò níbẹ̀. Kóo sì máa tẹ Ctrl+S, ẹ̀yin atẹ̀wé yìí!

Atẹ̀wé Kabba
Mo ti tẹ ìwé méjì láti àárọ̀, kò tíì ké. Ó ń fà bí ìgbín ṣá, nítorí náà màá ṣì ra 4GB tí owó Sátidé yìí bá wọlé.