Ẹ̀yin ará Georgia, ta ló padà kórè oko lọ́dún 2011?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. California ni mò ń gbé, nítòsí Oxnard tí wọ́n ti ń gbin sitirọ́bẹ́rì. Láti ìgbà tí àwọn ìmígíréṣọ̀n ti ya wọ oko níbí lóṣù kẹfà ọdún 2025 ni ẹ̀rù ti ń ba àwọn òṣìṣẹ́. Bùrọ̀dá mi ní tí wọ́n bá lé àwọn tí kò níwèé ìgbélùú, owó iṣẹ́ á gbéra, àwọn ọmọ ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà á sì ṣe é. Èmi ò gbà. Iṣẹ́ à-bẹ̀rẹ̀-ṣe ni, láàárín oòrùn.

Lọ́dún 2011, ìpínlẹ̀ Georgia ṣòfin HB 87 tó le mọ́ àwọn tí kò níwèé, òṣìṣẹ́ sá lọ, irè sì jẹrà sóko. Nathan Deal, gómìnà ibẹ̀ nígbà náà, ní kí wọ́n fi àwọn tí ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi ṣùgbọ́n tí wọn ò sí lẹ́wọ̀n, tí wọ́n kàn ń ṣọ́, ṣiṣẹ́ oko náà. Ọ̀pọ̀ wọn ò lè ṣe é pẹ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbẹ̀ nígbà náà, pàápàá lágbègbè Vidalia tí wọ́n ti ń gbin àlùbọ́sà, ẹ jọ̀ọ́: ṣé owó iṣẹ́ gòkè lóòótọ́? Ta ló padà kórè? Ohun tẹ́ ẹ fojú rí ni mo fẹ́. Ọ̀rẹ́ ọmọ mi kan, tí ìyá ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ oko, kò wá síléèwé mọ́. Ó ń dùn mí gan-an.