Àbọ̀ ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ mi

Ẹ̀yin ará mi, mo padà wá jábọ̀. Èmi ni mo kọ̀wé lóṣù tó kọjá pé ọmọ mi gba abẹ́rẹ́ tó ń dènà ikọ́ àhúbì àti tẹ́tánọ́ọ̀sì, itan rẹ̀ wú, ara rẹ̀ gbóná, mo wá ń bi yín bóyá kí n má gba èkejì fún un mọ́.

Ara gbígbóná náà lọ ní ọjọ́ kejì. Ohun tó dẹ́rù bà mí jù ni kókó líle kan tó kù lábẹ́ awọ itan rẹ̀, kò ju hóró ẹ̀wà lọ. Àràárọ̀ ni mò ń fi ìka tẹ̀ ẹ́ wò jẹ́jẹ́. Nọ́ọ̀sì ní kí n má fọwọ́ ra á, kí n má fi omi gbígbóná jó o, yóò lọ fúnra rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, mi ò rí i mọ́.

Nọ́ọ̀sì náà ní ohun tí abẹ́rẹ́ lè fà tó léwu gan-an, tí ojú ń wú, tí èémí ń há, kò wọ́pọ̀ rárá, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló sì sábà máa ń fi yọjú. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ní ká jókòó díẹ̀ ká tó máa lọ. Bí gìrì bá mú ọmọ, tàbí tó sunkún ju wákàtí 3 lọ láìdákẹ́, ẹ gbé e lọ kíákíá. Ó yẹ kí wọ́n ti sọ èyí fún mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

A gba èkejì lánàá, ní itan kejì. Ó sunkún díẹ̀, ó mu ọyàn, ó sùn. Ẹ ṣé gan-an, pàápàá ẹ̀yin ìyá tí ẹ bá mi ṣọ́ òru ọjọ́ yẹn.